Ọ̀rá wo ló wà nínú wàrà ọmọ màlúù yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá nǹkan jókòó lé, thread yìí máa gùn díẹ̀. 🧵

Fídíò kan ti ń lọ káàkiri láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Arákùnrin kan po wàrà oníyẹ̀fun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá bu òróró ṣíbí ńlá mẹ́ta lé e, òróró tí a fi ń dín àkàrà o. Ó ní kí ọmọ màlúù lè tètè sanra ni. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ ṣé gan-an sà", "Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní ọgbọ́n".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ẹran ọ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì, ọmọ màlúù ni mo sì ń fún lóúnjẹ báyìí ní oko kan lápá Ìṣẹ́yìn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èrò mi ni pé nọ́ńbà ọ̀rá tí wọ́n kọ sára àpò kò tó ohun tí èèyàn á fi ra wàrà fún ọmọ màlúù. Ibi tí ọ̀rá yẹn ti wá àti bí wọ́n ṣe pò ó mọ́ ọn ló ń sọ bóyá ọmọ á dàgbà tàbí á máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó bá ń tà á fún wa tí kò fẹ́ sọ irú ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: ní oko wàrà ńlá, ọmọ kì í pẹ́ lẹ́nu ọmú ìyá ẹ̀. Wàrà ìyá ni wọ́n fẹ́ tà. Ọmọ á mu wàrà àkọ́fún, èyí tó ki, tó pọ́n rúsúrúsú, torí inú ẹ̀ ni ààbò tó máa gbà á lọ́wọ́ àrùn wà. Lẹ́yìn ìyẹn, yẹ̀fun ni wọ́n á máa pò fún un títí di bí oṣù méjì tí wọ́n á fi já a lẹ́nu ọmú. Milk replacer lẹ máa rí lára àpò ẹ̀. Èmi á máa pè é ní wàrà àfirọ́pò.

Wọ́n ń ṣe é báyìí: wọ́n á mú wàrà tí wọ́n ti yọ bọ́tà inú ẹ̀ kúrò, tàbí omi tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ṣe wàràkàṣì ti Òyìnbó, wọ́n á gbẹ ẹ́ di yẹ̀fun. Bọ́tà wọ́n, ó ní oníbàárà tiẹ̀. Àlàfo tí bọ́tà fi sílẹ̀, ọ̀rá tó dínwó ni wọ́n á fi dí i. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá màlúù ló wọ́pọ̀. Ní Yúróòpù, epo ọ̀pẹ àti àdín àgbọn ni.

Ẹ dìde, ẹ lọ yí sachet wàrà tó wà ní kíṣínì yín padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ máa rí "vegetable fat" níbẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Èmi, ẹ̀yin àti ọmọ màlúù, ọ̀kan náà ni wá lórí ọ̀rọ̀ yìí 😂

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá mu tíì tán, ẹ máa jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ẹ máa jẹ àmàlà lọ́sàn-án. Ọmọ màlúù ọlọ́sẹ̀ kan ò ní oúnjẹ mìíràn. Ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni gbogbo ayé ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀.

Tí ẹ bá mú gbogbo omi kúrò nínú wàrà màlúù gidi, bí 30% ohun tó ṣẹ́kù ló máa jẹ́ ọ̀rá. Àpò tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni wọ́n ń pè ní 20:20, ìyẹn prótíìnì 20%, ọ̀rá 20%. Ṣúgà inú wàrà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń po gírámù 125 sí lítà kan, tí ọmọ ń mu lítà mẹ́rin lóòjọ́. Gírámù 500 yẹ̀fun nìyẹn, ọ̀rá inú ẹ̀ jẹ́ gírámù 100. Lítà mẹ́rin wàrà gidi tí ọ̀rá ẹ̀ jẹ́ 4% máa fún un ní bí 160.

Ọmọ Holstein máa ń wọn bí 40 kílò nígbà tí wọ́n bá bí i, ọ̀rá tó wà lára ẹ̀ ò sì tó nǹkan rárá. Tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 15°C, agbára tó yẹ kó fi dàgbà ló máa fi gbóná. Ẹ ní Nàìjíríà ò tutù? Ẹ lọ sun Jos tàbí Mambilla nínú ọyẹ́, kí ẹ wá padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Torí náà, lóòótọ́ ni pé ọmọ màlúù nílò ọ̀rá. Ibi tí arákùnrin olóróró ti ṣìnà ni pé ó rò pé ọ̀rá kan ò yàtọ̀ sí ìkejì.

Ọ̀rá inú wàrà kì í léfòó bí epo orí ọbẹ̀. Ó pín sí ìṣù kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, ìbora tín-ínrín sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó ṣe kéré tó yẹn ló jẹ́ kí inú ọmọ lè rí i ṣiṣẹ́ lé lórí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wàrà àfirọ́pò ní láti fi ẹ̀rọ fọ́ ọ̀rá wẹ́wẹ́, wọ́n á tún fi lecithin sí i (irú èyí tó wà nínú pupa ẹyin àti nínú sóyà) kó má bàa yapa kúrò lára omi. Ṣíbí ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí ẹ bá da òróró lé wàrà lórí, òróró á pa dà sókè, á máa wo yín níran.

Ó tún wá ku ti òróró fúnra ẹ̀.

Ní 1942, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fún àwọn ọmọ màlúù ní wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀, wọ́n wá fi oríṣiríṣi ọ̀rá mìíràn rọ́pò ẹ̀. Àwọn tó jẹ ọ̀rá bọ́tà ló dára jù lójú. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá màlúù tẹ̀ lé e. Àdín àgbọn àti òróró ẹ̀pà wà láàárín. Àwọn tó gbẹ̀yìn pátápátá ni òróró àgbàdo, ti òwú àti ti sóyà. Láti 1942 o! Kí wọ́n tó bí bàbá ẹlòmíì lórí app yìí. Ó sì tún ya èèyàn lẹ́nu pé fídíò ló ń kọ́ wa ní òdìkejì ẹ̀ lónìí.

Kí ló fà á? Òróró tó máa ń ṣàn bí omi nínú ìgò kún fún àwọn ọ̀rá tó tètè ń bá afẹ́fẹ́ jà, tí wọ́n á bàjẹ́. Ọ̀rá tó ti bàjẹ́ máa jẹ fítámìn E ara ọmọ tán. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọn ò sì fi ẹ̀rọ pò wọ́n dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀ lé e. Ọmọ màlúù tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, àìsí omi lára ló máa ń pa á, nígbà míì láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ti fi ojú ara ẹ̀ rí ojú ọmọ màlúù tó ti jìn wọnú ò ní fi òróró ṣeré.

Nǹkan kan tún wà nínú ọ̀rá wàrà tí ẹ ò lè rí nínú epo ọ̀pẹ, nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí nínú àdín àgbọn. Butyric acid ni orúkọ ẹ̀. (Òun ló ń jẹ́ kí bọ́tà tó ti bàjẹ́ máa rùn bí èébì, ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀.) Kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tó to ara ìfun ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń dàgbà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa: ahọ́n ọmọ màlúù ń sun enzyme kan tó jẹ́ pé butyric acid yìí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já kúrò lára ọ̀rá. Àwọn ará Ítálì máa ń lo enzyme yẹn láti fi ṣe cheese tó máa ń ta ẹ̀nu, bíi provolone. Tí ọmọ bá ń fa ọmú, ó máa ń sun ún ju ìgbà tó bá ń mu nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ̀gá oko wa jà lórí ìgò olórí ọmú. Fífọ̀ ẹ̀ máa ń pẹ́, mo mọ̀, àwa náà la sì ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ṣàkì, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn nǹkan kéékèèké tó jẹ́ kí ṣàkì rí bíi táwẹ̀lì, butyric acid yìí náà ló ń mú kí wọ́n hù. Àmọ́ tibẹ̀ kì í ti inú wàrà wá, torí wàrà kì í gba inú ṣàkì kọjá, ọ̀nà àbùjá ló máa ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀. Inú oúnjẹ gbígbẹ tí ọmọ bá jẹ, tó sì kan nínú ṣàkì, ló ti ń wá. Mo máa padà sórí oúnjẹ gbígbẹ yẹn, ó ṣe pàtàkì.

Epo ọ̀pẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ò ní fẹ́ kí n bú epo 😂 Mi ò bú u.

Ẹ ronú kan kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Èrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn. Bí ọ̀rá ṣe rí gan-an nìyẹn, ìjókòó kan, èrò mẹ́ta. Tí ó bá dé ìfun, àwọn méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń já sílẹ̀, ẹni àárín á bá ìjókòó wọlé. Èrò kan wà tó ń jẹ́ palmitic acid. Ó pọ̀ nínú epo ọ̀pẹ, ó sì wà nínú ọ̀rá wàrà náà. Nínú ọ̀rá wàrà, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló jókòó sí àárín, wọ́n á bá ìjókòó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú epo ọ̀pẹ, ẹ̀gbẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Tí wọ́n bá já wọn sílẹ̀, tí wọn ò tètè rí ọ̀nà wọlé, wọ́n á lọ so mọ́ kálṣíọ̀mù, àwọn méjèèjì á di nǹkan bí ọṣẹ, wọ́n á bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ pàdánù ọ̀rá, ẹ tún pàdánù kálṣíọ̀mù tó yẹ kó di egungun.

Ẹ wò ó, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà, àárín ni palmitic tiẹ̀ máa ń jókòó sí. Ara ohun tó jẹ́ kó wọ inú ọmọ dáadáa nìyẹn.

Àdín àgbọn àti àdín ẹ̀kùrọ́ ní tiwọn, lauric acid ló kún inú wọn. Èyí máa ń tètè dà nínú, ó dára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi àdín àgbọn nìkan ṣe gbogbo ọ̀rá inú wàrà, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n ti rí i nínú ìdánwò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń po oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí aburú ọ̀kan má bàa pọ̀ jù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé wàrà àfirọ́pò burú. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa, ọmọ màlúù ń dàgbà lórí ẹ̀, mò ń rí wọn lójoojúmọ́. Ó sì dára ju wàrà ìyá tó ní àrùn ọmú, tàbí èyí tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àpò méjì lè jọ ní 20% lára, kí ọ̀kan tọ́ ọmọ, kí èkejì sọ ọ́ di egungun.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé gáà Fúlàní díẹ̀, torí pé a máa ń ṣe bí ẹni pé ìwé ìwòyí nìkan ló gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé gáà nígbà tí wọ́n bá ń fún wàrà láàárọ̀, ẹ máa ti rí i. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ fa ọmú díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Wọ́n á wá so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀, wọ́n á fún tiwọn. Tí wọ́n bá fún un tán, wọ́n á tú ọmọ sílẹ̀ kó lọ mu ìyókù. Ará ìlú á ní wọ́n ń jẹ ọmọ níyà, ajẹkù ni wọ́n ń fún un.

Ajẹkù kọ́ o! Ọ̀rá inú ọmú màlúù kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ṣàn, ọ̀rá ẹ̀ ò pọ̀. Bí ẹ ṣe ń fún un lọ ni ọ̀rá ń pọ̀ sí i, èyí tó gbẹ̀yìn ló ní ọ̀rá jù. Ìyẹn ni pé ọmọ màlúù inú gáà, ọ̀rá ìyá ẹ̀ gan-an ló ń mu, èyí tó ki jù, tí butyric acid wà nínú ẹ̀, tó sì ń fà á tààrà látinú ọmú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, torí náà àwọn ọmọ kan máa ń rù. Ṣùgbọ́n lórí irú ọ̀rá tó yẹ ọmọ, ìyá Fúlàní tó ń gbé igbá wàrà kiri mọ̀ jù arákùnrin inú fídíò lọ.

Ó yá, kí n padà sórí oúnjẹ gbígbẹ.

Kódà ọ̀rá tó dára, ẹ lè fún un jù. Ọ̀rá máa ń tẹ́ni lọ́rùn. Ọmọ tó bá yó wàrà ọlọ́ràá kì í fẹ́ wo oúnjẹ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ yẹn ló ń kọ́ ṣàkì. Tí ẹ bá wá já a lẹ́nu ọmú lójijì, á dúró bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tiẹ̀. Tí ẹ bá sì fi ọ̀rá kún un láìfi prótíìnì kún un, ó máa sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun àti ẹran ara ò ní bá a dàgbà. Ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀ sórí status, á fani mọ́ra, kò sì ní ga.

Kí nìdí tí mo fi ń pariwo báyìí lórí ọmọ ẹran? Nítorí owó. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ṣe ìṣirò lórí àwọn màlúù tiwọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. Wọ́n rí i pé fún kílò kan tí ìdàgbàsókè ojoojúmọ́ ọmọ bá fi pọ̀ sí i kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú, bí 850 kílò wàrà ló máa fi lé e nígbà tó bá kọ́kọ́ bímọ. Kò sẹ́ni tó ń rí kílò kan gbáko lé lóòjọ́ bẹ́ẹ̀ lásán, àmọ́ ẹ pín in. Gírámù 200 lóòjọ́ máa jẹ́ 170 kílò wàrà. Lórí màlúù kan ṣoṣo. Ohun tí ọmọ mu ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ló ń sanwó ní ọdún méjì sí i.

Ẹ sì wo ibi tí a wà. Ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024. FrieslandCampina WAMCO ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran wa lápá Òkè-Ògùn. Àwọn èèyàn ń kó Jersey àti Holstein wọlé, àwọn míì ń ra àtọ̀ wọn láti fi gba abo White Fulani lóyún. Nígbàkigbà tí màlúù òkèèrè bá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, fọ́tò á kún gbogbo TL, gbogbo ẹni tó wọ agbádá á fẹ́ dúró ti màlúù. Mi ò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti béèrè ohun tí ọmọ wọn máa mu.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Àpò wàrà àfirọ́pò tó ń ti Yúróòpù wá, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló máa ṣáájú. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan á tú u sí nylon, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n tà ní kílò kílò. Àpò tó ní àkọlé ti wọ inú pàǹtí. Nylon funfun báláú ló kù, bóyá kí wọ́n fi bírò kọ "20%" sí i lára.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á léèrè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá kí ló wà nínú ẹ̀?" Wọ́n ní, "Àbúrò, ọ̀rá ni ọ̀rá ń jẹ́. 20% ni. Ṣé o fẹ́ rà á àbí o fẹ́ ṣe exam?"

Mi ò rà á.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ò lówó àpò odidi, mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lè dáwó jọ, ẹni mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ ra àpò tí wọ́n dì dáadáa, kí ẹ pín in fúnra yín, kí ẹ ya àkọlé ẹ̀ sórí fóònù. Tí ẹ bá ń kà á, ẹ wá orúkọ ọ̀rá. Tí ó bá jẹ́ òróró sóyà tàbí ti àgbàdo ló ṣáájú nínú àwọn ọ̀rá ibẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tí ó bá jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pẹ àti àgbọn, tí lecithin wà níbẹ̀, tí fítámìn E wà níbẹ̀, ìyẹn ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Yẹ̀fun tó ti pẹ́ nínú kọ̀nténà gbígbóná máa ń rùn bí epo àkàrà àná, imú yín ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, omi gbígbóná. Ọ̀rá màlúù ò lè yọ́ nínú omi tútù, ẹ̀yin náà mọ bí ọbẹ̀ ẹran ṣe máa ń dì láàárọ̀. Ẹ fi omi tó gbóná tó bí àpò ṣe sọ pò ó, kí ẹ wá jẹ́ kó rọ̀ dé bí 39 tàbí 40°C, bí ara ìyá ẹ̀ ṣe máa ń gbóná, kí ẹ tó fún un.

Ẹ ya ẹ̀yìn àpò tí ẹ ń lò lọ́wọ́, ẹ jù ú sábẹ́ ibí. Mo wà níbí títí di aago mẹ́rin tí mo máa lọ fún wọn ní ti ìrọ̀lẹ́, a máa jọ kà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá fi fọ́tò nylon ránṣẹ́, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.